Ẹni Tó Ni Síńgílẹ́ẹ̀tì

Lọ́dún tí àwọn sójà ti ibodè Sẹ̀mẹ̀ pa, tí ìrẹsì di ohun tí èèyàn ń jẹ lójú àlá, kò sí ẹni tó ń ṣubú bíi Gbọ́lágadé ní gbogbo Àgbádárìgì. Bó bá ṣubú báyìí, ẹja inú ọ̀sà á fò sókè lẹ́ẹ̀méje, àgbọn á já lórí igi, adìẹ tó sàba lódìkejì omi á dìde lórí ẹyin. Sagbo ló ń gbé e ṣubú. Ojoojúmọ́ ni, títí kan ọjọ́ ìsinmi.

Ọjọ́ kan náà làwọn méjèèjì wọ ọgbà Sájẹ́ǹtì Michael. Wọ́n ti dá Sájẹ́ǹtì dúró lẹ́nu iṣẹ́ ológun nígbà tí ìjọba ní apá òun ò ká a mọ́. Ó ti ja ẹ̀ṣẹ́, ó ti ja júdò, ó kọ́ ìtàpá lọ́dọ̀ ará Ṣáínà kan nínú ọkọ̀ ojú omi, gídígbò ilẹ̀ wa sì ti wà lára ẹ̀ látìgbà tó ti ń mu ọmú. Ó da gbogbo ẹ̀ pọ̀ bí ìgbà téèyàn da ẹ̀wà mọ́ àgbàdo, làwọn ọmọ bá sọ ìjà náà ní Àdàlù. Etí ọ̀sà ló tẹ́ tapólì sí, lórí yanrìn, níbi tí wọ́n ti ń sá àgbọn tẹ́lẹ̀. Ó ki èèpo àgbọn sínú àpò sójà, ó so ó kọ́ igi kí wọ́n máa lù ú. Ká ní àpò yẹn lẹ́sẹ̀ ni, ì bá ti sá lọ sí Kùtọnu, ibodè ìbáà tì.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tó kọ́ wọn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ́. Ó ní, "Bí wọ́n bá fún yín lọ́rùn, tàbí wọ́n ká yín lápá, tó ti wá tó gẹ́ẹ́, ẹ fọwọ́ lu tapólì lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹni tó bá gbọ́ ọ, kó tú ẹnìkejì ẹ̀ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí ò bá tú u sílẹ̀, apààyàn nìyẹn. Kò ní dé ọgbà mi mọ́."

"Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu lórí tèmi, Sájẹ́ǹtì," ni Gbọ́lágadé wí. "Èmi ò ní lu nǹkan kan. Àwọn tó kù ni kẹ́ ẹ kọ́."

Ó lu tapólì lẹ́ẹ̀mẹ́rìndínlógún lọ́jọ́ náà. Joseph, ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀, ló ń kà á.

"Gbọ́lá, rọra. Tapólì yẹn ò ṣẹ̀ ọ́," ni Joseph wí.

"Ẹ̀fọn ni mo ń pa níbẹ̀."

Ẹ̀rín pa àwọn ọmọ, ó pa wọ́n débi pé ẹnì kan ṣubú sómi. Ṣùgbọ́n inú Gbọ́lágadé ò dùn. Ọ̀gá sójà kan ń bọ̀ láti Èkó lọ́jọ́ Sátidé tó máa gbẹ̀yìn oṣù. Ọmọ kan ṣoṣo ló máa mú lọ sí bárékè, kó lọ máa bá wọn ja ìdíje. Ọmọ náà á jẹun ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́, á wọ yúnífọ́ọ̀mù, á sùn lórí bẹ́ẹ̀dì tiẹ̀. Nílé Gbọ́lágadé, gàárì ni wọ́n ń mu láàárọ̀, gàárì ni wọ́n ń rántí lálẹ́. Bàbá ẹ̀ ti wà nílé láti oṣù kẹsàn-án tí wọ́n ti ní kó má wá sí ọ́fíìsì mọ́, ó sì ń fá irùngbọ̀n ẹ̀ láràárọ̀ bí ẹni tó fẹ́ jáde. Gbọ́lágadé ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé òun ni wọ́n máa mú. Ó ti sọ fún ìyá ẹ̀, Màmá Tabitha tó ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì, kó má wulẹ̀ ka òun mọ́ oúnjẹ oṣù tó ń bọ̀.

Sagbo nìkan ló dúró sí àárín ẹnu ẹ̀ àti oúnjẹ.

Ọmọ Ẹ̀gùn ni Sagbo, láti Àjárá. Ó tín-ínrín bí òpó wáyà, kì í sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn nǹkan kan wà lára ẹ̀. Bó bá jókòó, á fi àyè ẹnì kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara ẹ̀. Bí wọ́n bá fún un ní ọsàn, á jẹ ìdajì, á ju ìdajì sínú omi. Kó tó jà, á kọ́kọ́ yà díẹ̀ bí ẹni ń jẹ́ kí ẹlòmíì kọjá. Gbọ́lágadé fi ojú méjèèjì wo gbogbo ẹ̀, ló bá dájọ́.

Ó ní, "Òògùn ni."

*

Ní Imeke, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Ògúnṣẹ̀yẹ, ó ń lẹ táyà kẹ̀kẹ́. Lójú títì, táyà ló ń lẹ̀. Nínú ilé, iṣẹ́ mìíràn ló ń ṣe.

"Ẹ kú iṣẹ́, Baba."

"Kẹ̀kẹ́ ẹ dà?"

"Mi ò ní kẹ̀kẹ́, sà."

Ọkùnrin náà nu gọ́ọ̀mù kúrò lọ́wọ́. "A jẹ́ pé inú ilé la ó ti sọ ọ́."

Inú ilé ṣókùnkùn lọ́sàn-án gangan. Rọ́bà inú táyà bí igba ló rọ̀ látòkè àjà, dúdú, wọ́n ń yí díẹ̀díẹ̀ láìsí atẹ́gùn. Gbọ́lágadé fẹ́ ṣe ọkùnrin, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn. Ó rojọ́. Ó ní ọmọ kan ń fi òògùn gbé òun ṣubú, ó ní òun ti gbé ọmọ náà ṣubú nígbà ogún kí ọmọ náà tó lọ wá òògùn, irọ́ ńlá. Ó ní orúkọ ọmọ ọ̀hún ni...

"Mi ò bi ọ́ lórúkọ," ni Ògúnṣẹ̀yẹ wí. "Orúkọ kan, igba èèyàn lè máa jẹ́ ẹ. Aṣọ kì í ní olúwa méjì. Lọ mú èyí tó ti mu òógùn ẹ̀ wá."

"Kí ló máa ṣe é, Baba?"

"Ẹni tó bá ni aṣọ yẹn á máa tẹ̀lé ọ. Agbára ọwọ́ ẹ̀ á máa sùn nínú apá ọ̀tún tìẹ."

"Kò ní kú, àbí?"

Ògúnṣẹ̀yẹ nawọ́ fa rọ́bà kan wálẹ̀. "Ta ló dárúkọ ikú nínú ọ̀rọ̀ yìí?"

*

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ló wọ ilé Sagbo ní Àjárá. Sagbo wà lọ́dọ̀ Sájẹ́ǹtì, ìyá ẹ̀ wà lọ́jà, Dosi àbúrò ẹ̀ obìnrin ti lọ tò sórí ìlà láti ra mílíìkì. Gbọ́lágadé fi ìka ẹsẹ̀ rìn. Ká ní èèrà gbọ́ ọ, á jẹ́ pé èèrà náà ti jí tẹ́lẹ̀.

Síńgílẹ́ẹ̀tì pupa kan wà lórí okùn, ó ṣì ń kán omi. Ó mọ̀ ọ́n, ti Sagbo ni. Ṣùgbọ́n ó rò ó pé èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, òógùn ti bá omi lọ. Ó yọjú sínú yàrá. Ẹ wo síńgílẹ́ẹ̀tì pupa mìíràn, ọgbọọgba pẹ̀lú ti ìta, gbígbẹ, lórí àpótí kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn Sagbo. Abọ́ oúnjẹ wà níwájú ẹ̀. Ara igi kan bí orí ọmọ odó ni wọ́n wé síńgílẹ́ẹ̀tì náà mọ́.

Gbọ́lágadé rò pé ọmọlangidi Dosi ni. Àbúrò Gbọ́lágadé fúnra ẹ̀ náà máa ń wé aṣọ mọ́ igi, tí yóò pọ̀n ọ́n. Ó fa síńgílẹ́ẹ̀tì yọ. Igi náà ṣubú, ó dojú bolẹ̀, ìró tó sì ṣe kò jọ ti igi. Ó rọ̀. Gbọ́lágadé ò dúró wò ó.

Ní Imeke, Ògúnṣẹ̀yẹ gbóòórùn aṣọ náà títí. "Òórùn àádùn, epo àti káńfọ̀ ni mò ń gbọ́. Ṣé ó dá ọ lójú pé ó ti wọ̀ ọ́?"

"Baba, ara ẹ̀ ni mo ti bọ́ ọ. Ó ń sùn ni."

Ẹnu ló pa ẹlẹ́nu, ṣebí wọ́n ti ń wí i. Ògúnṣẹ̀yẹ ya etí aṣọ náà, ó dá ìyókù padà, ó wé nǹkan dúdú kan sínú ẹ̀, ó fi rọ́bà kẹ̀kẹ́ dì í, ó sì so ó mọ́ apá ọ̀tún Gbọ́lágadé lókè ìgúnpá. Ìfúnpá náà tutù bí ọwọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lómi.

*

Lọ́jọ́ kan náà ní Àjárá, ìyá Sagbo dé láti ọjà. Agatha lorúkọ ẹ̀. Ó bá igi náà níhòòhò, ní ìdojúbolẹ̀. Ẹrù orí ẹ̀, kò sọ̀ ọ́. Ó rọra jókòó tòun tẹrù.

Ohun tí Gbọ́lágadé ò mọ̀ nìyí, bó ṣe mọ gbogbo nǹkan tó: nílé Ẹ̀gùn, Sagbo kì í dá wá sáyé. Ìbejì ni. Zinsu ló kọ́kọ́ jáde lọ́jọ́ tí Agatha bímọ, Sagbo tẹ̀lé e. Oṣù tí Zinsu bẹ̀rẹ̀ sí rákòrò ló kú. Láti ìgbà náà, Agatha kì í ra nǹkan ní ẹyọ kan. Bó bá ra bàtà fún Sagbo, ó ra bàtà méjì. Nígbà tí Sagbo lóun fẹ́ máa kọ́ ìjà, síńgílẹ́ẹ̀tì pupa méjì ló rà, ó sì wọ èkejì fún igi tó dúró fún ọmọ ẹ̀, torí ẹni tó wà nínú igi náà kì í fẹ́ kí wọ́n fi òun sílẹ̀.

"Dosi, ta ló wọ ibí?"

"Mi ò mọ̀, màmá. Mo wà lórí ìlà."

Agatha ò pariwo. Ó gbé abọ́ tó wà níwájú igi náà, ó dà á dé. Ó gbé igi náà nàró, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ojú ọ̀nà láti inú jáde. Ó wá sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ lédè Ẹ̀gùn, bí ẹni ń rán ọmọ níṣẹ́:

"Zinsu, ẹni tó gba aṣọ lára ẹ, ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni kó o ti lọ máa jẹun. Má padà wálé títí yóò fi fẹsẹ̀ ara ẹ̀ mú ọ wá."

Kò sọ fún Sagbo. Ìbejì tó wà láyé ò gbọdọ̀ gbọ́ pé èkejì òun ti jáde nílé. Bí Ògúnṣẹ̀yẹ ṣe ń pe ọmọ náà láti Imeke, bẹ́ẹ̀ ni ìyá ẹ̀ ń rán an jáde láti Àjárá, ibì kan ṣoṣo sì ni wọ́n jọ darí ẹ̀ sí.

*

Ọ̀sán gangan ọjọ́ kejì, nígbà tí òjìji èèyàn sá wọ abẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀, Gbọ́lágadé nìkan dúró lórí tapólì. Ó pè é lẹ́ẹ̀mẹta bí Ògúnṣẹ̀yẹ ṣe kọ́ ọ.

"Ẹni tó ni aṣọ yìí, wá."

Atẹ́gùn dákẹ́. Imọ̀ àgbọn dúró gan-an. Ọ̀sà tẹ́jú bí òróró nínú àwo. Kò sí nǹkan kan mọ́. Gbọ́lágadé rẹ́rìn-ín, ó ní bàbá yẹn kò mọ̀ ju gọ́ọ̀mù lọ. Ó yí padà pé kóun máa lọ.

Àràárọ̀ ni Sájẹ́ǹtì ń ní kí wọ́n fi imọ̀ gbá yanrìn tó yí tapólì ká, ó máa ń dán bí ojú ìwé tí wọn ò tíì kọ. Nǹkan ti wà lójú yanrìn náà báyìí. Àpá orúnkún méjì, àpá àtẹ́lẹwọ́ méjì, kéékèèké bíi ti ọ̀pọ̀lọ́. Wọ́n jáde láti inú omi, wọ́n rákòrò tààrà wá sétí tapólì, lẹ́yìn ẹ̀.

Ọmọ apẹja kan ni, ló sọ fún ara ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò rí àpá ìpadàlọ.

Lọ́jọ́ kejì, àpá ẹsẹ̀ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn ló wà níbẹ̀, tó ń ṣubú, tó ń jókòó, tó ń dìde. Lọ́jọ́ kẹta, ẹsẹ̀ ọmọ ọdún márùn-ún. Lọ́jọ́ kẹrin, ẹsẹ̀ náà ti ń ṣe bí ẹsẹ̀ àwọn ọmọ Sájẹ́ǹtì, ọ̀kan síwájú, ọ̀kan sẹ́yìn, ó ń yí po bí ẹni tó ń kọ́ ìjà. Lọ́jọ́ keje, Gbọ́lágadé ki ẹsẹ̀ ara ẹ̀ bọ inú ọ̀kan. Ó ṣe é rẹ́gí.

Láàárín ọjọ́ méje náà ló ti ń rí i pé apá ọ̀tún òun máa ń sùn nígbà tóun ò sùn, ó sì máa ń jí kóun tó jí. Bó bá jókòó, á bá apá náà tó ń fi ìka họ ilẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ọmọdé.

Nílé, ebi mú un. Kì í ṣe ebi ìjọba, ebi yẹn ti mọ̀ ọ́n lójú. Ebi yìí, bó bá jẹun tán, inú á tún ṣófo ju tẹ́lẹ̀ lọ. Màmá Tabitha ń bu gàárì lálẹ́ ọjọ́ kan, ó dánu dúró.

"Ta ni mo bu èyí fún?"

Bàbá ka àwọn tó jókòó. Abọ́ fi ọ̀kan lé.

"Màmá, àwọn ìgbà yìí le," ni bàbá wí, "ẹ má bu fún afẹ́fẹ́."

Ìyá ò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo abọ́ náà. Ó wà níwájú Gbọ́lágadé, lápá ọ̀tún ẹ̀, gàárì inú ẹ̀ sì ti dín.

*

Ṣùgbọ́n lórí tapólì, háà, ẹ ò bá rí i. Gbọ́lágadé tí wọ́n ń gbé ṣubú bí àpò èédú ló ń gbé èèyàn sókè báyìí tó fi jẹ́ pé ẹni tó gbé ń rí Pọtọnófò látòkè. Ó gbé Joseph. Ó gbé àwọn àgbà tó wá wòran. Sájẹ́ǹtì bọ́ fìlà.

"Kí ló dé bá ọmọ yìí?"

"Oúnjẹ aṣaralóore ni, Sájẹ́ǹtì."

"Níbo lo ti rí i?"

Wọ́n tún kó òun àti Joseph sójú ìjà. Ó fi apá ọ̀tún yí Joseph lọ́rùn. Joseph lu tapólì lẹ́ẹ̀mẹta. Gbọ́lágadé gbọ́ ọ ketekete, ó ní kóun tú u sílẹ̀. Apá ò tú. Joseph tún lù ú. Gbọ́lágadé ń fa apá ara ẹ̀, bí ẹni ń fa gbòǹgbò. Nígbà tó já, Joseph ti dákú, ojú ẹ̀ ti funfun.

Omi ọ̀sà ni wọ́n fi jí i. Sájẹ́ǹtì mú Gbọ́lágadé lẹ́tí.

"Ṣé o ò gbọ́ ni?"

"Mo gbọ́, sà."

"Kí ni mo kọ́ yín lọ́jọ́ àkọ́kọ́?"

Nígbà náà ló yé Gbọ́lágadé. Òun wà níbẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹni tó wà nínú apá òun ò sí níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò tíì kọ́ ọ pé ó yẹ kéèyàn máa túni sílẹ̀.

"Tó bá tún ṣẹlẹ̀, o ò ní jà lójú ọ̀gá sójà," ni Sájẹ́ǹtì wí. "Sátidé yìí, ìwọ àti Sagbo lẹ máa jà. Ẹni tó bá borí ló ń lọ sí Èkó."

Sagbo wá bá a lẹ́yìn tí gbogbo wọn lọ. Ó ń wo apá ọ̀tún yẹn, kò wo ojú ẹ̀.

"Gbọ́lá, lálẹ́ àná mo lálàá pé o gbé mi mọ́ra kí n lè sùn."

"Kí ni mo fẹ́ fi ọ́ ṣe? Ṣé mo jọ ìyá ẹ ni?"

"Mo kàn ní kí n sọ fún ọ ni." Ó tún ń wo apá náà. "Mo sùn dáadáa."

*

Ọjọ́bọ̀ ni Gbọ́lágadé sáré lọ Imeke. Ògúnṣẹ̀yẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ àpá ẹsẹ̀, ó sọ pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ sílẹ̀.

"Kí lorúkọ ọmọ tó o bá jà?"

"Ẹ ní ẹ ò bèèrè orúkọ."

"Mo ń bèèrè ẹ̀ báyìí."

"Sagbo."

Ògúnṣẹ̀yẹ dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó rọ́bà wọlé. "Sagbo tí mo mọ̀ nílé Ẹ̀gùn, Zinsu ni èkejì ẹ̀. Zinsu ń kọ́?"

"Mi ò mọ Zinsu kankan."

"O mọ̀ ọ́n. Ìwọ lo bọ́ ọ láṣọ. Mo ní kó o mú aṣọ alààyè wá."

Gbọ́lágadé ti fa ìfúnpá náà já, ó nà án sí i. Awọ abẹ́ ẹ̀ funfun, ó jọ̀lọ̀ bí ti ọmọ tuntun. "Ẹ gbà á, Baba. Mi ò ṣe mọ́."

"Àlejò ti wọlé, o wá ń ya ìwé tó o fi pè é. Ìyẹn ò ní mú un padà." Ó ti ń ti ilẹ̀kùn. "Ìyá tó bí i nìkan ló lè gbà á lọ́wọ́ ẹ. Lọ fẹnu ara ẹ sọ fún un. Kó o tó fi apá yẹn kan ẹni tí ọmọ náà ń wá."

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn, Gbọ́lágadé gbọ́ ọ, kò rò ó. Ebi ló ń pa á.

*

Ọjọ́ Jímọ̀, ó kan ilẹ̀kùn ní Àjárá. Agatha jókòó síbi àpótí kékeré náà bí ẹni tí kò tíì dìde láti ọjọ́ mẹ́sàn-án. Kò béèrè ohun tó wá ṣe. Apá ọ̀tún ti nà sí i kí Gbọ́lágadé tó kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, Mà. Mo rò pé ọmọlangidi ni."

"Mawu Ọlọ́run ló mọ ohun tó o rò." Ó ń wo ìka tó ń jó lójú afẹ́fẹ́ bí ìka ọmọ ọwọ́. Ojú ẹ̀ kún. "Ó ti dàgbà. Ovi mi, ọmọ mi, wò ó bó ṣe dàgbà."

Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tí Gbọ́lágadé máa ṣe. Kó mú síńgílẹ́ẹ̀tì wá lọ́la, kó fọwọ́ ara ẹ̀ wọ̀ ọ́ fún igi náà. Kó má sì fara kan ẹnikẹ́ni lórí tapólì fún ọjọ́ méje.

"Ọ̀la?" ni Gbọ́lágadé wí. "Ọ̀la ni ìjà mi, Mà. Ọ̀gá sójà ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ Sọ́ńdè. Mo ṣèlérí."

"Ẹni ebi ń pa kì í mọ Sọ́ńdè. Ta lo fẹ́ bá jà?"

Sagbo ò tíì sọ fún ìyá ẹ̀. Kò fẹ́ kó máa retí, bí ò bá wá bọ́ sí i. Gbọ́lágadé rí i lójú obìnrin náà pé kò mọ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù kó sọ. Ó rántí oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́.

"Ọmọ kan ni," ló wí.

*

Sátidé, èèyàn kún etí ọ̀sà débi pé ilẹ̀ fẹ́ tẹ̀ sómi. Ọ̀gá sójà jókòó lórí àga, ó nà ṣánṣán, áyọ́ọ̀nù aṣọ ẹ̀ lè gé iṣu. Sájẹ́ǹtì fọn fèrè.

Sagbo ju ẹ̀ṣẹ́ méjì, ó bà á. Ó tàpá, ó bà á. Gbọ́lágadé ò mọ̀ ọ́n lára. Apá ọ̀tún ẹ̀ ń gbọ̀n bí ajá tó rí olówó ẹ̀. Ó fò mọ́ Sagbo fúnra ẹ̀, ó yí i lọ́rùn, àwọn méjèèjì lọ sílẹ̀. Èrò hó.

Sagbo lu tapólì lẹ́ẹ̀mẹta.

Sájẹ́ǹtì fọn fèrè. "Ó tó."

Kò tú. Sájẹ́ǹtì dì í mú, Joseph dì í mú, ọkùnrin apẹja mẹ́ta dì í mú, apá náà ò mì. Gbọ́lágadé sì mọ̀ ọ́n nígbà náà, torí inú ara ẹ̀ ló wà: kì í ṣe pé ó ń fún un pa. Ó ń rọ̀ ọ́ mọ́ra. Ó ń jù ú díẹ̀díẹ̀, síwá, sẹ́yìn, bí ẹni tó ti wá ẹnì kan fún ọdún mẹ́rìndínlógún, tí kò tún ní jẹ́ kó lọ. Ohun tó burú jù ni pé Sagbo ti dẹwọ́ ìjà. Ó ti gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé apá náà. Ó ń pe orúkọ kan lábẹ́ èémí, ojú ẹ̀ ń pa dé bí ti ọmọ tí oorun ń gbé.

"Ẹ ṣẹ́ ẹ, Sájẹ́ǹtì," ni Gbọ́lágadé wí.

"Kí lo wí?"

"Apá mi. Ẹ ṣẹ́ ẹ. Kì í ṣe èmi ni mo mú un."

Sájẹ́ǹtì wo ojú ẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé ọmọ yẹn, kò sí àsọdùn kankan níbẹ̀. Ó ki ẹsẹ̀ bọ abẹ́ ìgúnpá ẹ̀, ó tẹ ara ẹ̀ sẹ́yìn.

Ìró náà, àwọn tó wà lódìkejì omi gbọ́ ọ. Èyí kì í ṣe àbùmọ́.

Àwọn ìka ṣí lọ́kọ̀ọ̀kan. Sagbo mí, ó bú sẹ́kún bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí.

*

Ẹni tí kò túni sílẹ̀ kò borí, ọ̀gá sójà bá mú Sagbo lọ sí Èkó. Ọjọ́ Sọ́ńdè ni wọ́n gbé Gbọ́lágadé tòun ti apá wíwé lọ sí Àjárá, ó sọ gbogbo ẹ̀, ó fi ọwọ́ òsì wọ síńgílẹ́ẹ̀tì fún igi náà. Agatha gbé igi náà sétí, ó gbọ́ ọ títí. Ó gbé e sílẹ̀.

"Igi ni," ló wí. "Kò sẹ́nì kankan nínú ẹ̀."

Ó wá yíjú sí apá tó wà nínú wíwé náà.

Egungun so. Ẹni tó tò ó ní òun ò rí èyí tó yára so bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n kì í gbọ́ràn sí Gbọ́lágadé lẹ́nu mọ́. Gbọ́lágadé ń rù, ìhà ẹ̀ ṣeé kà láti òkèèrè. Apá ọ̀tún ń sanra, ó ń dán. Kò gbéra lọ sójú ìjà mọ́, kò sì tún bá ẹnikẹ́ni fọ́nnu.

Ní gbogbo ọjọ́ ọjà, Agatha máa ń wá. Á gbé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ dání, á kí Màmá Tabitha bí ẹbí. Á jókòó lápá ọ̀tún Gbọ́lágadé, á ní kó wo ògiri, torí ohun tóun fẹ́ ṣe ò kàn án. Á fọ apá náà láti èjìká dé èékánná, á fi epo pa á, á máa bá a sọ̀rọ̀ lédè Ẹ̀gùn. Gbọ́lágadé kì í gbọ́ ohun tó ń sọ. Ó ń wo ògiri. Ó kàn ń gbọ́ ọ lára ni, láti ìgúnpá wá sókè, bí apá náà ṣe ń mì tìtì, ẹ̀rín ló ń rín.

Bí Agatha bá dìde pé òun ń lọ, á kọ́kọ́ dúró díẹ̀, á máa tú àwọn ìka kúrò létí ìró ìdí ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.